Ǹjẹ́ Ẹjọ́ Àwọn Eléré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tọ́? Àyẹ̀wò Àròyé Lórí Àléébù Inú Géèmù, Pẹ̀lú Àkíyèsí Láti Gúúsù Èkìtì

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ẹjọ́ tí àwọn tí ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rò nípa àléébù ńláńlá tí ó wà nínú géèmù wọn. Ìbéèrè náà rọrùn láti bi, kò sì rọrùn láti dáhùn: ǹjẹ́ ẹjọ́ wọn tọ́, àbí ìráhùn ẹni tí ó fìdí rẹmi lásán ni? Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan láàrin wa máa rò ó pé ọ̀rọ̀ eré kò tó ohun tí à ń gbé wá sí ìjókòó sẹ́mínà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú eré ni ènìyàn ti máa ń fi èrò rẹ̀ nípa òtítọ́ àti ìrẹ́jẹ hàn láìfi ohunkóhun bò. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó ń yọ nínú owó oúnjẹ rẹ̀ ra dátà, tí ó fi oṣù mẹ́fà kó ohun-ìní jọ sínú géèmù kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní eré nígbà tí gbogbo ohun-ìní náà bá pòórá ní òru ọjọ́ kan.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wọ̀nyí, ìpalára tí eléré ń sọ jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó ń nàka sí ni kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní dúró síbẹ̀ yẹn, nítorí pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà òun kò ní àléébù, èyí nìkan kò tó láti yọ ọ́ nínú ẹjọ́. Bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, a óò rí ìdí rẹ̀.

Ọpọ́n Ayò gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Kí a tó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó dára kí a kọ́kọ́ wo eré tí gbogbo wa mọ̀. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin ni à ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí àwọn méjì bá ń ta ayò ní abẹ́ igi, tí ọ̀kan sì figbe ta pé ekejì ti jí ọmọ mú, a ó kó ọmọ ayò jọ, a ó sì kà á. Bí kò bá pé 48, ó ní ohun tí ó ń sọ. Bí ó bá pé, kí ó lọ jókòó. Àwọn òǹwòran tí ó yí wọn ká ni ẹlẹ́rìí, àwọn kan náà ni adájọ́, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Ọ̀ta lè fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè sì lè ráhùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí a tó mọ̀ bóyá ìráhùn náà ní ìdí.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ òfin eré. Ojú wọn ni ọpọ́n wà. Adájọ́ sì wà nítòsí, kì í ṣe òun ni ó ni ọpọ́n. Nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, a ti gba ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ eléré. Òfin eré wà nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a tì pa, ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni ó lè kà á. Ohun tí eléré ń rí lójú fóònù rẹ̀ jẹ́ àwòrán ọpọ́n tí fóònù náà yà fún un; ọpọ́n gan-an wà nínú kọ̀ǹpútà àgbà tí à ń pè ní sáfà, tí ó lè wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ní Gúúsù Áfíríkà. Adájọ́ tí a ó sì kẹ́jọ́ lọ bá ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọpọ́n, tí ó kọ òfin, tí ó sì ń gba owó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe adájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùjẹ́jọ́?

Láàrin ọpọ́n ayò àti géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ilé géèmù wà, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi PlayStation gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń sanwó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá wà, irú Ìkẹ́rẹ́ tí ó ti ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ láti 1977, èyí tí ó ti di Yunifásítì Bamidele Olumilua báyìí, kì í ṣàìní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, òfin ti wọ inú ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń wo tẹlifíṣọ̀n kan náà, òǹwòran sì wà lẹ́yìn wọn. Bí iná bá lọ nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, onílé ni yóò sọ bóyá kí wọ́n tún un gbá tàbí kí ẹni tí ó ti ń borí máa gbéraga lọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìdájọ́ rẹ̀ máa ń tẹ́ lọ́rùn, àmọ́ wọ́n mọ ojú rẹ̀.

Ìráhùn, Àròyé àti Ẹ̀sùn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a sábà máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n yóò wúlò fún wa bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń ráhùn ń sọ ìrora rẹ̀ nìkan: 'géèmù yìí ti dà mí láàmú'. Ẹni tí ó ń ṣe àròyé ń to ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjọ́ báyìí, agogo báyìí, mo tẹ bọ́tìnnì yìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kan ènìyàn ti dárúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì ń béèrè ohun kan, ìbáà ṣe àtúnṣe, ìbáà ṣe owó. Ìráhùn kò lè jẹ́ irọ́, nítorí ìrora ẹni ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé ó tọ́. Àròyé ni a lè yẹ̀ wò bóyá òtítọ́ ni. Ẹ̀sùn nìkan ni a lè dá láre tàbí lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò bá ti wáyé bí àwọn eléré kò bá máa gbé ìráhùn wọn kalẹ̀ bí ẹ̀sùn, tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò sì máa dá ẹ̀sùn lóhùn bí ẹni pé ìráhùn ni.

Ní ti àléébù, ìyẹn ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní bọ́ọ̀gì, a ó gbà pé ó wà níbi tí ètò kọ̀ǹpútà kò bá ti ṣe ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ pinnu tàbí tí ó ṣèlérí. Bí agbábọ́ọ̀lù inú géèmù bá gba inú ara òpó kọjá, àléébù ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ìbọn kan lágbára ju gbogbo ìbọn yòókù lọ kí àwọn ènìyàn lè rà á, èyí lè bí ènìyàn nínú, ó tilẹ̀ lè burú ju àléébù lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àléébù. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ojú lásán kò lè fi èkíní yàtọ̀ sí èkejì.

Àwọn Ẹjọ́ Tí A Ti Rí Òpin Wọn

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹjọ́ díẹ̀ tí òtítọ́ wọn ti hàn sí gbangba. Èyí tí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Grand Theft Auto Online, tí ilé-iṣẹ́ Rockstar ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2013. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́: ọ̀pọ̀ kò rí ọ̀nà wọlé, àwọn mìíràn wọlé, ẹ̀dá tí wọ́n dá sínú géèmù sì pòórá pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti kó jọ. Ilé-iṣẹ́ náà fi 500,000 dọ́là inú géèmù ṣe ìtùnú fún wọn, èyí tí í ṣe pé wọ́n gbà pé ẹjọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n àròyé mìíràn wà tí kò tètè rí ìdáhùn: pé géèmù náà ń pẹ́ jù kí ó tó ṣí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn eléré fi ń sọ èyí. Ó sì rọrùn láti dá wọn lóhùn pé kọ̀ǹpútà wọn ni kò lágbára tó.

Ní ìparí oṣù kejì 2021, ẹnì kan tí ń lo orúkọ ìnagijẹ t0st gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni géèmù náà fi ń ṣí. Ó tú ètò náà wò, ó sì rí i pé ìwé ọjà kan tí ó tó mẹ́gábáìtì 10, tí orúkọ ọjà inú rẹ̀ tó 63,000, ni kọ̀ǹpútà ń kà ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí géèmù. Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé tí à ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ṣàlàyé rẹ̀. A fún un ní ìwé ọjà gígùn kan kí ó dà á kọ. Bí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ kan, yóò kọ́kọ́ fi ìka tọ ìwé náà lọ títí dé òpin kí ó lè mọ bí ó ti gùn tó, kí ó tó padà wá ka ọ̀rọ̀ kejì. Yóò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kẹta, fún ẹ̀kẹrin, títí lọ. Èyí nìkan kọ́. Kí ó tó kọ ọjà kan sílẹ̀, yóò fi í wé gbogbo èyí tí ó ti kọ ṣáájú, lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ti kọ ọ́ rí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àfiwé náà súnmọ́ bílíọ̀nù méjì. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọjà kankan tí ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Nígbà tí t0st tún ibi méjèèjì ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́fà di ìṣẹ́jú kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú oṣù kẹta ọdún náà, Rockstar gbà pé òótọ́ ni ó sọ, wọ́n fún un ní 10,000 dọ́là, wọ́n sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí gbogbo eléré.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí níhìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ 'ó ń pẹ́ jù' tí ó dàbí ìráhùn aláìnísùúrù jẹ́ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òtítọ́ ni ó wọ́n, ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí náà kò sì lè wá àfi ìgbà tí ẹnì kan tú ètò tí a tì pa wò, ohun tí àdéhùn ọ̀pọ̀ géèmù kà léèwọ̀. Eléré tí ó bá pa òfin mọ́ kò lè fi ìdí ẹjọ́ rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹjọ́ eFootball 2022 yàtọ̀ díẹ̀. Konami, tí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ dáadáa nítorí Winning Eleven àti Pro Evolution Soccer, gbé e jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2021. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ wọ́, bọ́ọ̀lù ń ṣe bí ó ti wù ú, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kọjá lára ara wọn bí iwin. Ní ọjọ́ kejì ni ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣèlérí fún oṣù kọkànlá ọdún náà kò dé títí di oṣù kẹrin 2022. Níhìn-ín, ẹ̀rí wà lójú gbogbo ènìyàn. Àwòrán nìkan tó. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni géèmù náà, kí ni a jẹ eléré? A ó padà síbi ọ̀rọ̀ yìí.

Àléébù kan wà tí a kò lè ṣàìmẹ́nu bà nítorí ohun tí ó rán ènìyàn létí nílẹ̀ yìí. Nínú World of Warcraft, ní oṣù kẹsàn-án 2005, ilé-iṣẹ́ Blizzard fi àrùn kan sára ọ̀tá alágbára kan tí ń jẹ́ Hakkar. Ibi ìjà nìkan ni wọ́n fẹ́ kí àrùn náà mọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran ọ̀sìn tí àwọn eléré ń kó kiri gbé e jáde dé àárín ìlú, ó sì ràn ká. Àwọn alágbára gbé e rù, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ géèmù kú bí eṣinṣin. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn bí àwọn baba wa ṣe ń sá fún Olóde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọn kò jẹ́ pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, yóò mọ ohun tí àwọn eléré náà rí: àwọn kan sá lọ sí igbó, àwọn kan dúró láti tọ́jú aláìsàn, àwọn ìkà mọ̀ọ́mọ̀ gbé àrùn náà wọ ọjà. Blizzard ní láti dá géèmù náà dúró kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀. Ní 2007, Eric Lofgren àti Nina Fefferman kọ bébà nípa rẹ̀ sínú ìwé-ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet Infectious Diseases, nítorí ohun tí ó lè fi kọ́ni nípa àjàkálẹ̀ àrùn. Gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ tí a ti fún àléébù, kò sí àníàní pé àléébù ni èyí, nítorí pé kì í ṣe ohun tí wọ́n pinnu ni ó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn eléré kan gbádùn rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àléébù ni ó ń bí ẹjọ́.

Wàyí o, kí a má baà dàbí ẹni tí ó ń gbè sẹ́yìn eléré nìkan, ẹ jẹ́ kí a wo ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ń gbá FIFA ti EA Sports ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé géèmù náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ẹni tí ó ń borí ṣe bí ẹni tí a so lẹ́sẹ̀, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lè dọ́gba. Wọ́n ní ẹ̀rí díẹ̀: EA ti gba ìwé-àṣẹ onímọ̀ lórí ọgbọ́n kan tí a fi lè yí ìṣòro géèmù padà bí eléré bá ti ń ṣe é lọ. Ní oṣù kọkànlá 2020, àwọn kan gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù ní Califonia, ní Amẹ́ríkà. EA sọ pé àwọn kò lo ọgbọ́n náà nínú FIFA, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn olùpẹ̀jọ́ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn sọ̀rọ̀. Ní 2021, àwọn olùpẹ̀jọ́ fúnra wọn fa ẹjọ́ náà yọ. A lè sọ pé òpè ni ó ń pe ìjákulẹ̀ rẹ̀ ní ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó parí ẹjọ́ náà: wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùpẹ̀jọ́. Bí wọ́n bá ti ṣí i ní ọdún márùn-ún ṣáájú, bóyá ẹjọ́ náà kì bá ti dé kóòtù.

Ọ̀rọ̀ Gúúsù Èkìtì: Níbo ni Àléébù Wà?

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí a ti yẹ̀ wò, àléébù wà nínú géèmù tàbí kò sí nínú rẹ̀. Fún ẹni tí ó jókòó ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìka ẹni tí ó ń ta Call of Duty: Mobile, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá 2019, láti orí fóònù rẹ̀ títí dé sáfà.

Ó tẹ bọ́tìnnì ìbọn. Fóònù rẹ̀ yí ìfọwọ́kàn náà padà sí ìsọfúnni, ó sì jù ú sí òpó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ẹni tí ó bá mọ Ìkẹ́rẹ́ mọ bí òkè Olósùnta ti rí, bí ó ti ga fíofío tí ó sì jẹ́ òkúta líle. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ máa ń dí ìgbì rédíò lọ́nà; ẹni tí òkè bá dúró sí àárín òun àti òpó kò lè rí ohun tí ẹni tí ó wà ní gbangba rí. Láti orí òpó, ìsọfúnni náà lọ sí Èkó, láti Èkó ni ó sì wọ inú òkun. Wáyà MainOne, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọtogí. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gbé ìsọfúnni inú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń rìn ní nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àlọ nìkan yóò gba ìdá 35 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìdá 70. A kò tíì ka ti òpó, ti Èkó, ti ọ̀nà láti Pọtogí dé ibi tí sáfà wà, àti ti sáfà fúnra rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kankan tí ó lè mú kí ìmọ́lẹ̀ sáré ju bí ó ti ń sáré lọ.

Ẹni tí ó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú sáfà kò ní ju ìdá díẹ̀ lọ láti dúró. Kí wá ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá kojú ara wọn? Nítorí pé fóònù kò lè máa dúró de ìròyìn láti òkè òkun, ó máa ń fi òye yà á sójú ibi tí ọ̀tá yóò wà. Ọmọ Èmùré rí ọ̀tá rẹ̀ lójú fóònù, ó yìnbọn lù ú, ó bà á, lójú tirẹ̀. Ọ̀tá náà, lójú fóònù tirẹ̀, ti wọ ẹ̀yìn ògiri tipẹ́. Sáfà ní láti yan ìtàn ẹnì kan. Àwọn sáfà kan máa ń dá aago padà díẹ̀ kí wọ́n lè wo ohun tí ayinbọn rí nígbà tí ó yìnbọn. Bí wọ́n bá sì ṣe èyí, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri yóò kú níbi tí ó rò pé ààbò wà. Èyíówù tí wọ́n bá yàn, ẹnì kan yóò pariwo pé àléébù wà nínú géèmù. Nínú ẹjọ́ yìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ òtítọ́ ohun tí ojú wọn rí, ètò kọ̀ǹpútà sì ṣe ohun tí a kọ ọ́ láti ṣe gẹ́lẹ́. Lórí ọpọ́n ayò, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí pé kò sí ọpọ́n méjì.

Ìgbà mìíràn wà tí ìyà náà kò tilẹ̀ kan géèmù rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Báńkì kò ríṣẹ́ ṣe dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àtúnṣe sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Eléré tí géèmù lé jáde ní ọjọ́ náà, tí ó sì bú ilé-iṣẹ́ géèmù, àròyé rẹ̀ tọ́, ẹ̀sùn rẹ̀ ṣìnà.

Ṣé kí a wá sọ pé ilé-iṣẹ́ géèmù kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìjìnnà? Ibi tí a kò ti gbà pẹ̀lú àwọn tí ń gbèjà wọn nìyí. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé lé ní eré. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó gbé sáfà sí kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ̀dá, ilé-iṣẹ́ ni ó pinnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta aṣọ inú géèmù fún ọmọ Ìsẹ̀, tí wọ́n ń gba náírà rẹ̀, tí wọ́n sì ń to orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù nínú ìdíje kan náà láìsọ fún un pé ọ̀nà tirẹ̀ gùn ju ti ẹnì kejì lọ, wọ́n ti pe eré tí kò dọ́gba ní eré tí ó dọ́gba. A kò lè pe èyí ní àléébù, gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ wa. Ẹ̀sùn tí ó bá a mu ni pé wọ́n fi ohun tí ó yẹ kí olùrà mọ̀ pamọ́ fún un.

Ẹni tí ó gbẹ́ ère máa ń wà nítòsí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bíi 1910 sí 1914, bí ohun kan kò bá tẹ́ ọba lọ́rùn, ọ̀nà tí yóò ránṣẹ́ gbà kò jìn. Ilẹ̀kùn náà lọ sí Wembley fún ìpàtẹ ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní; bí ó ti rí nígbà náà ni ó rí nísinsìnyí. Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ ní òru, kí ohun tí eléré ń ṣàròyé rẹ̀ lánàá má sí mọ́ lónìí, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì bá a lọ. Agbára àtúnṣe yìí jẹ́ oore. Òun náà ni ó jẹ́ kí wọ́n lè máa ta ohun tí kò tíì jinná.

Owó, Ọ̀fẹ́ àti Òfin

A ti ṣèlérí pé a ó padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò sanwó kò ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Lójú tiwa, èrò yìí kò jinlẹ̀. Èkíní, géèmù tí à ń pè ní ọ̀fẹ́ máa ń ta nǹkan nínú ara rẹ̀. Konami pàápàá ti gba owó sílẹ̀ lórí ẹrù eFootball tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní láti dá owó náà padà nígbà tí àtúnṣe pẹ́. Èkejì, ní ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí ó ń jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà ni a fi ń ta géèmù, dátà ni a sì fi ń gba àtúnṣe àléébù wọlé. Bí àtúnṣe kan bá tó gígábáìtì méjì, eléré ni ó sanwó kí a tó mú àṣìṣe ẹlòmíràn kúrò. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100. Ìnira yìí kò hàn sí ẹni tí ó ń kọ ètò géèmù ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dàbí omi ẹ̀rọ.

Ní ti òfin, Òfin Ìfigagbága Ọjà àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti 2018 ní ilẹ̀ Nàìjíríà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà àti iṣẹ́ tí ó dára tó, ó sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2015 lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ó dárúkọ ohun tí a ń tà nínú kọ̀ǹpútà ní tààrà, ó ní ó gbọ́dọ̀ dára tó, bí kò bá sì dára, kí olùtà tún un ṣe tàbí kí ó dín owó rẹ̀ kù. Ọmọ Èkìtì tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ lè ra ohun kan náà nínú géèmù kan náà ní ọjọ́ kan náà, kí òfin tí ó gbè wọ́n má sì ṣe déédé.

Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ kí ẹjọ́ òun dúró kó jọ? Lójú tiwa, ọjọ́ àti agogo, irú fóònù, nọ́ńbà ẹ̀dà géèmù tí ó ń lò lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹ̀dà òní lè yàtọ̀ sí ti àná, iye ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí géèmù fúnra rẹ̀ kọ sójú fóònù gẹ́gẹ́ bí ìdádúró, àti fídíò ojú fóònù bí ó bá lè gbà á. Bí ìdádúró náà bá pọ̀ ní gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kì í ṣe nínú géèmù nìkan, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá wí, bí wọn kò bá sì dá a lóhùn, nọ́ńbà 622 tí NCC yà sọ́tọ̀ fún oníbàárà wà níbẹ̀, kò sì gba owó. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń lọ geere, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí ó fowó rà nínú géèmù ni ó pòórá, ilé-iṣẹ́ géèmù ni yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ó sì tọ́jú èsì wọn. FCCPC ni ó kàn lẹ́yìn náà. Àkọsílẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú sáfà ni kò ní lè fi ọwọ́ kàn. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni ìyẹn wà, bí ẹjọ́ náà bá sì dé iwájú àjọ, ohun tí ó yẹ kí àjọ náà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn nìyẹn.